Mẹ́rin Ò Tó: Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Bóòtù Táyà Tó Kán Nílé

Tó bá jẹ́ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland lẹ wà, ẹ kú ìfaradà, ẹ ṣáà má tẹ fóònù, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ fúnra ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fọ́tò ọwọ́ mi tó kún fún gíríìsì sórí status WhatsApp mi, lẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé mo ti di mẹkáníìkì ni. Rárá o. Bóòtù táyà ni mo pààrọ̀, nínú kọ́ḿpáàǹdì wa, lórí símẹ́ńtì. Màá sọ bí mo ṣe ṣe é fún yín, àmọ́ ohun tó gbé mi débẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọkọ̀ tí mò ń wà ni Toyota Corolla 2005, tòkúnbọ̀, èyí tí gbogbo ẹ̀yin ará Èkó mọ̀ bí ẹni mowó. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún jò. Mo yà lọ́dọ̀ fọkanáísà kan létí títì. Ó tú táyà, ó lẹ̀ ẹ́, ó dá a padà. Nígbà tó kan kó mú nọ́ọ̀tì le, ó fi páìpù gígùn kan bọ sípánà lọ́rùn, ó gun orí ẹ̀, ó sì ń fò. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta a gbọ́ "káú!" Nọ́ọ̀tì pẹ̀lú ẹnu bóòtù jọ já bọ́ sílẹ̀.

Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu, mẹ́rin ṣì wà ńbẹ̀. Mẹ́rin tó. Ṣebí àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí, torí pé òótọ́ wà nínú ẹ̀. Mo sanwó, mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Bí mo bá ti fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ni mò ń rí àlàfo yẹn, tí mò ń sọ pé ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti mọ́mì mi ń lọ síbi ìnáwó kan ní Ìbàdàn. Aṣọ ẹbí ti wà lára wọn, gèlè ti dúró ṣánṣán. A kọjá Mowé, steering bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní ọ̀nà ni. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kù, kù, kù. Tí mo bá dín eré kù, ìró náà á falẹ̀, tí mo bá tẹná, á yára. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bóòtù kejì ti kán, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ gan-an. Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, nọ́ọ̀tì ọ̀kan ti tú débi pé ìka ni mo fi ń yí i. Ìyẹn ni pé bóòtù méjì ló gbé èmi àti màmá mi débẹ̀.

Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo ọkọ̀ mì tìtì. Mọ́mì mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n lọ jókòó lórí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú gèlè wọn. Wọn ò pariwo. Ohun tí wọ́n kàn bi mí ni pé, "Ṣé o ti mọ̀ pé ó kán ká tó kúrò nílé?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ títí ọkọ̀ tó wá gbé ọkọ̀ wa fi dé. A ò dé ìnáwó náà. Owó tí mo san fún ẹni tó gbé ọkọ̀ yẹn padà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Kí ló dé tí mẹ́rin ò tó?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé táyà kọ́ sórí bóòtù bí aṣọ ṣe ń kọ́ sórí ìṣó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin róbótó tí bóòtù márààrún ti yọ jáde, tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀bù, òun ni rímù fẹ̀yìn tì. Bí a bá ń yí nọ́ọ̀tì, ńṣe là ń na bóòtù díẹ̀, débi tí ojú ò lè rí i. Òun náà á máa fẹ́ sún kì bíi rọ́bà, á wá fa rímù mọ́ họ́ọ̀bù pinpin. Ìfúnpọ̀ yẹn ló ń di táyà mú. Bó bá ti dín kù, rímù á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí họ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, á sì máa tẹ bóòtù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ká wáyà lọ ká a bọ̀ títí táá fi dá lọ́wọ́ ẹni? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn. Táyà Corolla sì ń yí tó nǹkan bí ìgbà 500 nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Ẹ fi iye yẹn wo ọ̀nà Ìbàdàn.

Ní ti ọkọ̀ tó ní bóòtù mẹ́rin láti ilé iṣẹ́, wọ́n pín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba yípo ni, ẹrù sì pín bákan náà. Ti márùn-ún tí ọ̀kan ti kúrò nínú ẹ̀, àlàfo ńlá wà níbì kan, àwọn méjì tó múlé gbe àlàfo yẹn ló ń jẹ ìyà ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkejì tèmi fi kán níbi tó ti kán. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, mo wo ojú ibi tó ti já, mo rí àwọ̀ méjì: apá kan dúdú, ó ti ń dógùn-ún, apá kejì ń dán bí owó ẹyọ tuntun. Apá dúdú yẹn ti ń sán láti ọjọ́ pípẹ́, omi ti ń wọ̀ ọ́. Èyí tó ń dán ni ìwọ̀nba tó kù tó já lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ lára bóòtù yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣàìsàn. Èmi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo márààrún tó wà lára táyà yẹn ni mo pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ má sá lọ. Toyota ní kí á mú nọ́ọ̀tì Corolla yìí le dé 103 Newton-mítà. Sípánà tó wà nínú bùútù ọkọ̀ gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Láti rí 103 lórí sípánà yẹn, agbára tí èèyàn fi ń gbé ẹrù 35 kílò ló gbà. Bí ẹni tó wọn 80 kílò bá gun orí sípánà kan náà, tó dúró jẹ́jẹ́, ó ti bá a dé 235. Bó bá wá fi páìpù sọ ọ́ di 60 sẹ̀ǹtímítà, 470 nìyẹn, ẹ rántí pé kò tíì fò. Bóòtù tí wọ́n bá fà kọjá ibi tó yẹ kò ní sún kì padà mọ́. Ó lè má kán lọ́jọ́ yẹn o. Ó kàn máa wà níbẹ̀, ó ti di òkú, ẹ ò sì ní mọ̀.

Mi ò bínú sí fọkanáísà yẹn mọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ni. Tí táyà bá tú lọ́nà, òun ni wọ́n máa wá bá, torí náà ó ń mú un le kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Ẹni tí mo bínú sí ni ẹni tó dúró tì í, tó rí i tó ń fò, tí kò sọ̀rọ̀.

Ó yá, ká lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ yín dáadáa. Bó bá jẹ́ Golf, Mercedes tàbí BMW lẹ ń wà, kò ní bóòtù tó yọ jáde, bóòtù gan-an lẹ̀ ń tú kúrò tí ẹ bá fẹ́ yọ táyà, iṣẹ́ tiyín yàtọ̀ sí èyí. Bó bá jẹ́ Honda Accord ìgbà 1990 sí 1997, dísìkì bíréèkì iwájú wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, kì í ṣe iwájú ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn máa ń di títú béárìn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Corolla tèmi àti ọ̀pọ̀ Toyota kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ladípọ̀ ni mo ti ra tèmi. Ẹ má kàn débẹ̀ kẹ́ ẹ ní "ẹ fún mi ní bóòtù táyà Corolla". Ẹ mú èyí tó kán dání. Tírẹ́ẹ̀dì tèmi jẹ́ 12 mílímítà, 1.5 ni àlàfo ẹ̀, àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn kì í wò ni eyín wẹ́wẹ́ tó wà lọ́rùn bóòtù nísàlẹ̀ orí ẹ̀. Eyín yẹn ló ń jẹ họ́ọ̀bù kí bóòtù má bàa yí. Bó bá kéré ju ti àtijọ́ lọ, bóòtù á máa yí nínú ihò. Bó bá tóbi jù, kò ní wọlé. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wo gígùn, ẹ wo eyín, kẹ́ ẹ sì fi ìka yí nọ́ọ̀tì tuntun sórí ẹ̀ títí dé ìdí. Ẹni tó ń tà á lè máa kanjú, ẹ má bá a kanjú. Owó ẹ̀ kò tó owó súyà àti málítì tí ẹ̀ ń jẹ lálẹ́ Fúráìdé.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú kọ́ḿpáàǹdì wa tí wọ́n kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà èwe. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Àbúrò, màá máa sọ ọ́, ìwọ ni wàá ṣe é. Ọwọ́ tìẹ ni kó dọ̀tí." Wọn ò sì fọwọ́ kan sípánà títí a fi parí.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n wò ni ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le, kó tẹ́jú. Wọ́n ní kí n fa háńdì bíréèkì, kí n fi jíà sí P, kí n fi igi dí táyà ẹ̀yìn níwá lẹ́yìn. Mo ní kí n gbé jáàkì, wọ́n ní dúró, kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ó yé mi lẹ́yìn náà: tí táyà bá ti wà lókè, yóò kàn máa yí tẹ̀ lé sípánà ni.

Jáàkì máa ń gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé e dúró. Ẹ yá ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń pè ní jack stand, ẹ fi sábẹ́ ibi tó le lára ọkọ̀, kẹ́ ẹ sọ ọkọ̀ lé e lórí jẹ́jẹ́. Mo ti ń fa búlọ́ọ̀kù bọ̀ ní tèmi, búlọ́ọ̀kù oníhò mẹ́fà tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n dìde. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n dìde nìyẹn. Wọ́n ní, "Gbé e kúrò níbẹ̀." Búlọ́ọ̀kù ò ní tẹ̀, kò ní dún, kò ní fi àmì kankan hàn yín, ó kàn máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, orí yín á sì ti wà lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo yọ táyà tán, wọ́n ní kí n tì í sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá já, ọkọ̀ á bọ́ lé táyà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kálípà bíréèkì. Bóòtù méjì ló dì í mú láti ẹ̀yìn, sípánà 17 ló tú tèmi. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀ dirodiro sórí rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà kọjá, ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríìnì. Kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ bíréèkì nígbà tó wà níta o. Àbúrò mi fẹ́ wọnú ọkọ̀ lọ gbọ́ orin, mo lé e jáde.

Dísìkì lè kọ̀ láti jáde torí ìdógùn-ún. Tèmi kọ̀. Mo ti fẹ́ fi hámà bá a sọ̀rọ̀, àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe tọ́ka sí ihò kékeré méjì lójú ẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì wà nínú ihò yẹn. Bóòtù 8 mílímítà méjì lẹ máa yí sínú wọn, ẹ yí tọ̀tún díẹ̀, ẹ yí tòsì díẹ̀, wọ́n á máa ti họ́ọ̀bù lẹ́yìn, dísìkì á jáde bí ọmọ gidi. Mo ti ń wakọ̀ láti ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ihò yẹn níṣẹ́.

Ó kù họ́ọ̀bù. Ẹ yí i títí bóòtù tó kán á fi wà níbi tí àyè wà lẹ́yìn ẹ̀, torí ẹ̀yìn ló máa gbà jáde. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, páànù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn máa ń dínà, èèyàn á ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo wọ́n òróró amúnitú sí i, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi hámà lu imú bóòtù tó ṣẹ́kù. Ìlù mẹ́ta tó lágbára, ó fò jáde. Ẹ gbọ́ o, béárìn wà nínú họ́ọ̀bù yẹn, kò sì fẹ́ràn ìlù. Irin kan wà tí wọ́n fi ń tẹ bóòtù jáde láìlù ú, bí ẹ bá rí i yá, òun ló dára jù. Bí ẹ bá ti lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún tí kò mira, ẹ sọ hámà sílẹ̀, ẹ lọ wá irin yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́.

Bóòtù tuntun máa gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ fọwọ́ dá a títí eyín ẹ̀ fi bá ojú ihò mu. Ó ṣẹ́ku kí ẹ fà á wọlé. Ẹ kó wáṣà mẹ́rin márùn-ún tó nípọn sórí ẹ̀, ẹ fi gíríìsì sáàárín wọn. Ẹ wá mú nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan, kì í ṣe tuntun, ẹ dojú ẹ̀ dé kí ibi tó tẹ́jú kọjú sí wáṣà, kẹ́ ẹ sì máa yí i. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí i lá máa fa bóòtù gba inú ihò bọ̀. Họ́ọ̀bù á fẹ́ yí tẹ̀ lé yín. Ẹ fi irin gígùn kan há àárín bóòtù méjì mìíràn, kí ìdí ẹ̀ kan ilẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀tì bo bóòtù méjèèjì kí irin má bàa jẹ tírẹ́ẹ̀dì wọn.

Ó máa le, ó máa le, lójijì ó máa le bí òkúta. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ dúró. Ẹ na fóònù yín sẹ́yìn họ́ọ̀bù, ẹ tan iná ẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Orí bóòtù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù pátápátá, kí ìmọ́lẹ̀ má gba àárín wọn kọjá. Tèmi kejì, mo rò pé ó ti wọlé, fọ́tò fi hàn pé àlàfo tínínrín bí páálí ṣì wà. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wa ọkọ̀ lọ sí Berger tí mo dé, á ti sún wọlé fúnra ẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì ti dẹ̀, a ó tún padà sórí irin ẹ̀gbẹ́ títì.

Àwọn kan máa ń fi rímù gan-an fà á wọlé: wọ́n á gbé táyà padà, wọ́n á sì máa fi sípánà pọ́n nọ́ọ̀tì títí. Ó ń jẹ ojú rímù, ó sì ń fún wọn ní ìdí láti tún wá páìpù yẹn. Bí bóòtù tuntun bá sì ń yí nínú ihò láìdúró, ihò ti jẹ nìyẹn, họ́ọ̀bù lẹ máa pààrọ̀. Ẹni tó bá ní ká fi wẹ́dà lẹ̀ ẹ́, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Iná wẹ́dà á pa agbára tí wọ́n fi iná dán sínú irin yẹn láti ilé iṣẹ́.

Ìyókù kò ní wàhálà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ojú họ́ọ̀bù kí dísìkì lè jókòó dáadáa, mo nu gíríìsì kúrò lára dísìkì, mo dá kálípà padà, mo sì mú bóòtù ẹ̀ méjèèjì le dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ọwọ́ ni mo fi yí nọ́ọ̀tì táyà wọlé, gbogbo wọn, kí n tó fọwọ́ kan sípánà. Ẹ má fi epo sí tírẹ́ẹ̀dì o. Epo á jẹ́ kó yọ̀, ẹ ó sì fa bóòtù jù láìmọ̀. Ẹ tún wo irú nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ní: ti rímù irin ní imú ṣóńṣó, ti rímù alloy tí Corolla gbé wá ní wáṣà pẹlẹbẹ. Èyí ò lè ṣe iṣẹ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn tí mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo mú nọ́ọ̀tì le bí ẹni ya ìràwọ̀: ọ̀kan, kí n fo èyí tó tẹ̀ lé e, kí n mú ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí. Mi ò ní torque wrench nígbà yẹn. Ohun tí mo ní ni síkéèlì ìfọwọ́kọ́ tí a fi ń wọn báàgì tẹ́nìkan bá ń rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ṣebí ó wà nílé gbogbo wa. Mo wọn 30 sẹ̀ǹtímítà láti àárín nọ́ọ̀tì sí ara sípánà, mo kọ́ síkéèlì síbẹ̀, mo fà á lọ́nà tí òun àti sípánà fi ṣe igun ilé, títí nọ́ńbà fi dé 35. Mo dúró. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní látìgbà tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Ọwọ́ kan ni mo fi fà á. Mo fẹ́ fi kún un, wọ́n ní, "Fi sílẹ̀."

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún títí á fi le lẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè má mú nǹkan kan, ẹnu géètì lẹ sì máa ti mọ̀. Nígbà tí mo ti wa tó 80 kìlómítà, mo gbé síkéèlì jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ọ̀tì méjì ṣì yí díẹ̀. Mo tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí èyí tó mira.

Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà báyìí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọwọ́ mú un wọlé, èmi á parí ẹ̀." Èyí tó wà ní itòsí wa bínú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rò pé mi ò mọṣẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, sà, bóòtù mi ni ò lágbára tó yín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ ní kí n fi síkéèlì yẹn han àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

Mọ́mì mi ò tíì dárúkọ ìnáwó yẹn títí dòní. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí mo fẹ́ gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n rọra ń yí ọkọ̀ po, wọ́n ń nàka sí táyà kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Mo dúró. Nígbà tó pé ogún, wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n tan AC.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ tí ẹ bá ní ìbéèrè. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bátìrì ọkọ̀ tó ń kú lóru. Ó dàbọ̀ o.